Ohun Tó Wà Nínú Èèkù

"Ọ̀bẹ lo wá rà ni, àbí ọkọ lo wá yàn? O ti yẹ ẹ́ wò lókè nílẹ̀ tó, jàre!"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Afínjú ló sọ̀rọ̀ náà, ẹlẹgbẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ ní kíláàsì, tó tẹ̀ lé e wọ ìsọ̀ onírin pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin méjì mìíràn. Ojú ti Tẹ́ẹ́rẹ́. Láàárín àáké kékeré, ayùn àti okùn tó kún ìsọ̀ náà, ọ̀bẹ dúdú kan tí kò lẹ́wà rárá ló dì mú. Irin rẹ̀ la àárín èèkù já dé ìdí, igi méjì há a mọ́ra, ìṣó gbòòrò sì kàn án pọ̀. Irú èyí gan-an ni ìyá rẹ̀ rán an.

Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní oko. Pàkúté ló ń dẹ fún ehoro àti àparò létí igbó, bí ilẹ̀ bá sì ṣú mọ́ ọn níbẹ̀, abẹ́ tapólì ló ń sùn. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá yìí ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Òun ló gbé Tẹ́ẹ́rẹ́ dé kíláàsì àṣekágbá, òun náà ni wọ́n sì gbójú lé fún owó ìdánwò tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀bẹ àtijọ́ ti jẹ tán bí ọṣẹ, ni ìyá náà fi kìlọ̀ fún un láàárọ̀ pé:

"Ọmọ mi, má wo ẹnu ọ̀bẹ nìkan. Ẹnu tó bá kú, òkúta á pọ́n ọn. Èèkù ni kí o wò. Bí irin ò bá dé ìdí èèkù, má gbé e wá bá mi o. Gbogbo ara ni mo fi ń tẹ ọ̀bẹ."

Afínjú na ọwọ́ sí òmíràn. Rọ́bà aláwọ̀ ewé ni èèkù rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń kọ mànà bí dígí, ó sì ní àkọ̀ tó ṣeé so mọ́ itan.

"Èyí lọ̀bẹ! Tìẹ yẹn dà bí ohun tí wọ́n hú nínú ààtàn."

"Màmá mi ló ní..."

"Màmá ẹ, màmá ẹ! Ṣé màmá ẹ la ó jọ máa rìn lójú títì ni?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ yíjú sí onírin. "Bàbá, ṣé irin èyí dé ìdí èèkù?"

"Rọ́bà bò ó, ọmọ mi. Ohun tí ojú mi ò tó, ẹnu mi ò lè jẹ́rìí ẹ̀."

Tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́, ọkàn rẹ̀ náà sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín mìíràn ti ń bọ̀ lẹ́nu Afínjú. Ó gbé ọ̀bẹ dúdú sílẹ̀, ó mú aláwọ̀ ewé.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ tẹ rọ́bà náà wò, ó mi orí. "Ó ti gbáfẹ́ jù fún iṣẹ́ mi. Ṣé o wò ó dáadáa? Irin ẹ̀ dé ìdí?"

Níbí gan-an ló yẹ kí ẹnu wí òótọ́.

"Ó dé ìdí, Màmá. Bàbá onírin fọwọ́ sọ̀yà."

"Ó dáa. Ojú ọmọ ẹni, ojú ẹni ni."

Ní Sátidé, àwọn méjèèjì jọ lọ sí etí igbó. Ìyá náà jókòó, ó ń gbẹ́ èèkàn pàkúté. Igi náà le. Ó fi gbogbo ara tẹ ọ̀bẹ, bí ìṣe rẹ̀. Ó dún pàú! Ọ̀bẹ kán lọ́rùn. Irin há sínú igi, ọwọ́ ọ̀tún tó ń fi agbára bọ̀ sì yọ̀ lọ bá ẹnu irin náà. Ìyá náà gbé ọwọ́ náà sókè, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ó kàn ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé tí kò yé e.

Tẹ́ẹ́rẹ́ mú èèkù nílẹ̀. Irin tó wà nínú rẹ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Dókítà rán ojú ọgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní iṣan ti já, àwọn ìka náà kò ní ká mọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn.

"Màmá, irọ́ ni mo pa. N ò mọ ohun tó wà nínú èèkù yẹn. Ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo sá fún."

"Ìgbà tó kán ni mo ti mọ̀." Ìyá náà fi ọwọ́ òsì pa á lórí. "Ọmọ a-dẹ-pàkúté-má-tàsé, ọmọ a-kí-igbó-kígbó-dáhùn, mo ti dárí jì ọ́. Àmọ́ ìdáríjì kì í mú ìka ká."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì àti rúlà. Afínjú wà níwájú, kò wo ẹ̀gbẹ́ kan. Owó ìdánwò ti bá ilé ìwòsàn lọ. Tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí igbó, ó ń ta okùn tí kò mọ̀ ọ́n ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹran kankan kò tíì kó sí ọ̀kan nínú àwọn tó dẹ. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fà á sósì. Rárá o." Ó na ọwọ́ láti fi hàn án, ọwọ́ kọ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Fi ìyẹn sílẹ̀ ná, wá bá mi di bọ́tìnì aṣọ mi. Òtútù ń mú mi láyà."

Tẹ́ẹ́rẹ́ dìde, ó ń dì í lọ́kọ̀ọ̀kan, kò lè gbójú sókè wo ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ yan irinṣẹ́, ọ̀rẹ́ kọ́ ni yóò bá a lò ó. Irọ́ tí a bá sì pa fún ẹni tó fọkàn tán wa, ara onítọ̀hún ló ń gé. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.