Ọ̀rọ̀ Kan Tí Gírámà Kò Mọ̀

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu!" Bàbá kan tó jẹ́ télọ̀ fọwọ́ gbá àyà. "Ẹ fẹ́ bá mi túmọ̀ òyìnbó dókítà kẹ̀? Ọmọ mi rèé! Gírámà ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Òyìnbó tó wà lẹ́nu ẹ̀, bí ẹ bá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì á kún, á tún ṣàn sílẹ̀."

Àwọn aláìsàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ojú bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Bàbá Gírámà. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, ẹnu ọ̀nà níbí ni mo wà o."

Gírámà gbé àgbọ̀n sókè. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kí bàbá rẹ̀ máa fi í yangàn láwùjọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé wọn wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ojú òsì télọ̀ ti fọ́ láti kékeré. Ojú ọ̀tún nìkan ló fi ń ránṣọ, òun náà ló fi ń tọ́ ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ kú fi sílẹ̀ fún un. Láti àná ni ìmọ́lẹ̀ ti ń kọ yẹ̀rì nínú ojú kan ṣoṣo yìí bíi mànàmáná, tí nǹkan dúdú wínníwínní ń fò kiri níwájú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó ní ó dà bíi pé ẹnì kan ń fa kọ́tìnì bo òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àjèjì ni dókítà, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó tanná sójú télọ̀, ó wò ó títí. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Gbogbo rẹ̀ ló ń wọ Gírámà létí ketekete: ohun kan lójú bàbá ń ṣí kúrò láyè rẹ̀, kí wọ́n lọ dá a padà lónìí, kí bàbá má tẹ̀ba, kí wọ́n mú lẹ́tà yìí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ta á léyín bí òkúta inú ìrẹsì: "rẹ́tínà." Kí ló ń jẹ́ rẹ́tínà? Kò gbọ́ ọ rí.

Dókítà béèrè bóyá ó yé e. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà tún béèrè. Gírámà mi orí bí alángbá.

"Kí ló wí?" ni télọ̀ béèrè.

Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni nọ́ọ̀sì wà sí wọn. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì yẹn ńkọ́? Ṣé Gírámà ló máa jáde lọ béèrè ọ̀rọ̀ òyìnbó lójú gbogbo ayé? Ó ronú kíá. Kí ló wà lójú èèyàn tó lè ṣí kúrò?

"Bàámi, irun ìpéǹpéjú yín ló ń já. Wọ́n ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lónìí, kí wọ́n bá yín dá a padà."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. "Irun! Àbájọ tí nǹkan dúdú ń fò lójú mi! Irun orí mi ti dágbére láti ọdún kẹta, ta ló gbé e lọ sílé ìwòsàn? Dìde jàre! Aṣọ iléèwé ogójì ló ń dúró dè mí."

Ó bọ dókítà lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ. Dókítà rò pé akíkanjú ọkùnrin ni, ló bá gbá a léjìká pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ṣé kò sí ìṣòro?" ni nọ́ọ̀sì bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sí, mà," ni Gírámà dáhùn.

Ìwé atúmọ̀ èdè wà nílé. Gírámà dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó nawọ́, ó tún fà á padà. Bó bá ṣí i, tí kì í bá ṣe irun ńkọ́? Ó di dandan kó jẹ́wọ́ nìyẹn. Ó fi ìwé náà sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni télọ̀ fi tẹ̀ba lórí máṣíìnì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó dáwọ́ dúró.

"Ta ló ti fèrèsé?"

Gírámà rẹ́rìn-ín, ó rò pé bàbá òun tún ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀ ni. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, oòrùn sì ń ràn sí télọ̀ lójú gan-an.

"Gírámà," ni bàbá tún pè, ó ń fọwọ́ wá fèrèsé kiri, "ta ló tì í?"

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé ìwòsàn ojú, nọ́ọ̀sì ka lẹ́tà náà, ó káwọ́ lérí. "Bàbá, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú ojú, lẹ́yìn pátápátá. Òun ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé tí a fi ń ríran. Òun là ń pè ní rẹ́tínà. Tiyín ló ń ṣí kúrò, bí ìgbà tí láínìn, aṣọ inú, bá ń tú lára kóòtù."

Télọ̀ gbé orí sókè. "Láínìn? Ẹnì kankan kò sọ fún mi pé láínìn ni. Láínìn tó bá ń tú, ojú ẹsẹ̀ là ń gán an. Bí èèyàn bá ń wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ya tán. Èmi ni mo mọ ìyẹn jù!" Ó yí ojú sí ibi tó rò pé nọ́ọ̀sì wà. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

Nọ́ọ̀sì wo Gírámà.

"Èmi ni, Bàámi," ni ọmọ náà wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Mi ò mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo kàn méfò ni."

"O mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀, sà."

Télọ̀ kò nà án, kò sì bú u. Ìbá sàn ká ní ó nà án. Ó kàn ní, "Èmi náà tí mo lé ẹni tó mọ̀ ọ́n dànù," ó sì kọ ojú sí ògiri.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Télọ̀ mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, ìyẹn nìkan ló kù. Wọ́n fi aṣọ bo máṣíìnì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀rín táwọn ará bẹ́ǹṣì ìbá fi Gírámà rín kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kéèyàn fi ìmọ̀ èké bò ó mọ́lẹ̀ ni ìkà, nítorí orí ẹlòmíì ló sábà máa ń já lé.

Gírámà ló ń fa bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Lẹ́yìn òjò ńlá kan, wọ́n dé ibi tí omi ti bo ojú ọ̀nà. Télọ̀ gbọ́ ìró rẹ̀, ó dúró.

"Ṣé ó jìn?"

Ọmọ náà wo omi, ó wò ó títí. Àwọn ọmọkùnrin kan jókòó lókèèrè, wọ́n ń wò wọ́n, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

"Mi ò mọ̀, Bàámi," ló wí, sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n lọ béèrè."