Ìgò Ẹlẹ́rìí

Ó gbé àpótí oníyìnyín mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ẹrẹ̀ yí i lẹ́sẹ̀ dé orúnkún, ó sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn nítorí kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin tó dúró lórí àga nídìí ògiri ṣe kọ́kọ́ rí i. Ìṣó wẹ́wẹ́ kún ẹnu ọmọbìnrin náà, kò lè sọ̀rọ̀, ojú nìkan ló fi ń wò ó, ojú náà kò sì tètè kúrò.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ọkùnrin náà wí. "Wọ́n ní kí n gbé omi kànga wá. Ṣé ibí ni?"

Ọmọbìnrin náà tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́. "Ìsàlẹ̀ ni yàrá àyẹ̀wò wà. Ẹ̀yin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa gbẹ́lẹ̀ fún wa? Òórùn dísẹ́ẹ̀lì yín ti ṣáájú yín wọlé. Mo ṣe bí ọkọ̀ akẹ́rù ló yà wọ ọ́fíìsì."

"Ọkọ̀ akẹ́rù kì í kí ènìyàn, àǹtí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin náà máa fi yíjú padà sí iṣẹ́ rẹ̀, ó rí i pé òun ti gún ìṣó kan sí àárín odò lórí àwòrán ilẹ̀ ara ògiri.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ni láti máa ṣọ́ gbogbo ilẹ̀ tí májèlé ti wọ̀ ní agbègbè wọn: ibi tí ilé iṣẹ́ ti da kẹ́míkà nù, ibi tí epo ti jò wọlẹ̀, ibi tí wọ́n ti ri bátìrì ògbólógbòó mọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ló ń tọ́jú àwòrán ilẹ̀ gbàràgàdà tó bo ògiri láti òkè délẹ̀. Ìṣó olórí àwọ̀ ewé, ilẹ̀ ti mọ́. Olórí ìyeyè, ilẹ̀ tí wọ́n ń fura sí, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Olórí pupa, kí ẹni tó wà níbẹ̀ kó ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń pè é ní Aláwọ̀. Ọkùnrin náà ń wa ọkọ̀ tí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bu iyẹ̀pẹ̀ àti omi wá fún àyẹ̀wò, òun náà sì di Agbẹ́lẹ̀ lẹ́nu wọn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Yàrá àyẹ̀wò wà nísàlẹ̀, àwòrán wà lókè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Agbẹ́lẹ̀ kò gba ìyẹn gbọ́. Bó bá ti gbé omi sílẹ̀ tán, á gòkè, á ní òun wá wò ó bóyá ìṣó kan kò tẹ̀. Ó ní bí Aláwọ̀ ṣe máa ń há ìṣó sẹ́nu, ó jọ télọ̀ tí oníbàárà bí nínú. Aláwọ̀ ní télọ̀ kì í bá ọkọ̀ akẹ́rù ṣọ̀rẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń bú ara wọn báyìí ni ìfẹ́ ti fa àga, tó jókòó sí àárín wọn.

"Jẹ́ kí n wá kí màmá rẹ," ni Agbẹ́lẹ̀ máa ń wí.

"Ó kù díẹ̀, olólùfẹ́ mi."

Kò sí ohun tó kù ju ìbẹ̀rù lọ. Aláwọ̀ wà ní kékeré nígbà tí bàbá rẹ̀ bá obìnrin mìíràn lọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ, ìfura ló sì fi tọ́ ọ. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹni tó bá wo Aláwọ̀ dáadáa lásìkò yẹn á rí i pé ẹran ti ń dín níbẹ̀, nítorí obìnrin ọlọ́gbà kan.

Obìnrin yìí ń gbin òdòdó tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan tó ti kógbá sílé. Ìṣó ìyeyè ló wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó fi fóònù sọ fún ọ́fíìsì pé òórùn kan ń jáde látinú kànga òun, wọ́n sì ní kí Agbẹ́lẹ̀ máa lọ wò ó. Ó lọ. Ó tún lọ. Lọ́jọ́ kan ó gbé òdòdó kékeré kan bọ̀ nínú agolo, ó gbé e sójú fèrèsé Aláwọ̀.

"Ta ló ni ín?"

"Ìwọ ni. Obìnrin ọlọ́gbà ló ní kí n mú un wá fún ọ. Ọmọlúàbí ni o, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń pani lẹ́rìn-ín."

Aláwọ̀ dúpẹ́. Kò bu omi sí òdòdó náà títí tó fi rọ.

Nígbà tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ tún burú sí i. Ó dúdú, ó ń dán, èjí là á lẹ́nu, ó sì ń pe Agbẹ́lẹ̀ ní "bọ̀dá mi" bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà nílé kan. Aláwọ̀ kí i dáadáa. Inú rẹ̀ ń gbóná bí ààrò.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kò yẹ kí Agbẹ́lẹ̀ wá síṣẹ́ rárá. Ọ̀gá pè é lójijì pé òórùn kànga náà ti le sí i, kí ó lọ bu omi rẹ̀. Ó yà sí yàrá àwòrán kó tó lọ. Aṣọ rẹ̀ funfun báláú, lọ́fínńdà sì ń ta sánsán lára rẹ̀.

Èèwọ̀ ni èyí nínú iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ń lọ bu omi fún irú àyẹ̀wò yẹn kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ kun ìpara, kò gbọdọ̀ mu sìgá, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ omi wò a máa gbóòórùn ju ajá ọdẹ lọ. Ohun tó wà lára ènìyàn lè kó sínú ìgò, kí wọ́n sì máa pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ ilẹ̀. Aláwọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó ní, "Olólùfẹ́ mi, lọ wẹ̀ ná." Ṣùgbọ́n owú ti gba ẹnu rẹ̀. Ta ló fín in fún? Ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ?

"O mà múra o," ló wí.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí. Ọ̀gá ló kó iṣẹ́ yìí lù mí. Bí mo bá dé, a óò sọ ọ́."

"Kí ọlọ́gbà ṣáà má dá ọ dúró."

Agbẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ṣe bí eré ni. Nígbà tó fi máa dé, Aláwọ̀ ti lọ sílé.

Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó wọlé. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ti mọ̀. Aláwọ̀ rò ó fún un.

"Ọkùnrin tó bá fín lọ́fínńdà lọ síbi iṣẹ́ ẹrẹ̀," ni ìyá náà wí, "kì í ṣe iṣẹ́ ló ń lọ. Bí bàbá rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Ó ká síkẹ́ẹ̀tì kan, ó tún un ká.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá àgbàlagbà tó ń ṣe àyẹ̀wò nísàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onígò, gòkè wá. Ó ní òun rí oògùn tí wọ́n fi ń yọ́ ọ̀dà nínú omi kànga ọlọ́gbà, kì í sì í ṣe kékeré.

"Pupa nìyẹn, bàbá?"

"Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìgò ẹlẹ́rìí ṣì kù. Ẹ̀rọ á yẹ ẹ́ wò di àárọ̀ ọ̀la. Dúró dè é, ọmọ mi."

Gbogbo wọn ló mọ ìgò ẹlẹ́rìí. Omi tó mọ́ gaara ni Bàbá Onígò máa ń rọ sínú rẹ̀. Agbẹ́lẹ̀ á gbé e lọ, á ṣí i sílẹ̀ lẹ́bàá kànga títí yóò fi bu omi tán, á dé e, á sì gbé e bọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí májèlé bá wà nínú kànga, tí kò sí nínú ẹlẹ́rìí, ilẹ̀ ló jẹ̀bi. Bó bá wà nínú méjèèjì, a jẹ́ pé ọwọ́ tó bu omi ló gbé e wá. Ẹnikẹ́ni kì í gún ìṣó pupa kí ẹlẹ́rìí tó sọ tirẹ̀.

Aláwọ̀ gún un. Ọ̀gá ti rìnrìn àjò, kò sí ẹni tí yóò bi í. Ó fa ìṣó ìyeyè yọ, ó ti pupa bọ ibẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn bí ìgbà tí ènìyàn bá họ ibi tó ń yún un. Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti ránṣẹ́ sí obìnrin ọlọ́gbà pé kó má ta nǹkan kan mọ́, kó máa palẹ̀ ẹrù mọ́.

Adùn náà kò pẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Bàbá Onígò tún gun àtẹ̀gùn náà, ó ń mí hẹlẹ. Ó rí ìṣó pupa, ó wo Aláwọ̀, ó jókòó.

"Yọ ọ́. Ohun tó wà nínú kànga náà ló wà nínú ẹlẹ́rìí. Ọwọ́ ló ṣẹ̀, ilẹ̀ kọ́. Mo sì sọ fún ọ pé kí o dúró."

Ìtìjú bo Aláwọ̀, lẹ́yìn náà ìbẹ̀rù dé, nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ a máa wà nínú lọ́fínńdà, ó mọ ọwọ́ tó ṣẹ̀, ó sì mọ̀ pé imú òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bó bá sọ òtítọ́, wọ́n lè lé Agbẹ́lẹ̀ níṣẹ́, wọ́n sì lè lé òun náà. Bó bá dákẹ́, ilé ẹni ẹlẹ́ni ló máa bàjẹ́. Ó yọ ìṣó pupa náà, ó dì í mọ́wọ́, ó sì lọ sí ọgbà.

Obìnrin ọlọ́gbà ń to ìkòkò òdòdó sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ má kó wọn mọ́," ni Aláwọ̀ wí. "Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ilẹ̀ yín kò tíì jẹ̀bi. Wọ́n ní kí n dúró de ẹ̀rí, n kò dúró."

"Kí ló ń lé yín?"

Aláwọ̀ lè purọ́ níbẹ̀. Kò purọ́. "Owú ni. Mo rò pé ẹ ń fẹ́ ọkùnrin mi."

Obìnrin náà gbé ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ kò parọ́ mọ́ mi. Mo fẹ́ ẹ. Mo tiẹ̀ bi í léèrè. Ó ní ọkàn òun ti wà lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń há ìṣó sẹ́nu." Ó mí kanlẹ̀. "Ó tún wá ní obìnrin náà sọ pé òun ń rùn bí ọkọ̀ akẹ́rù, kí n bá òun yan lọ́fínńdà tó dára, òun fẹ́ fín in lọ́jọ́ tí òun bá máa sọ pé kó fẹ́ òun. Èmi àǹtí òpònú ni mo bá a yàn án."

Omi lé sí ojú Aláwọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo ń bínú o. Ó máa tó lọ. Ẹ bá mi gbé èyí sọ̀ kalẹ̀ ná, ó wúwo."

Ó bá a tú gbogbo ẹrù náà títí ó fi tán.

Aláwọ̀ bá Agbẹ́lẹ̀ níbi tó ti ń fọ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Agbẹ́lẹ̀ pa ẹ̀rọ omi.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀," ló wí. "Mo pa aṣọ dà, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo rò pé ó ti tán lára mi. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ̀gá pé n kò lè lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ gbóòórùn rẹ̀, o mọ òfin, o sì dákẹ́?"

"Mo dákẹ́."

"Kí o lè fi mú mi?"

"Kí n lè fi dá ara mi lójú pé bí bàbá mi ṣe rí ni gbogbo yín rí."

Ó dun Agbẹ́lẹ̀. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn náà ó ní, "Jẹ́ ká jọ lọ sọ fún ọ̀gá nígbà tó bá dé. Bó bá máa lé wa, kó lé wa pa pọ̀."

Ọ̀gá kò lé wọn. Ó sọ̀rọ̀ sí wọn débi pé akọ̀wé tó wà níta dẹ́kun títẹ̀wé. Ó ní kí àwọn méjèèjì jọ lọ tún omi náà bù, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí ìgò, kí Aláwọ̀ má sì fọwọ́ kan ìṣó kankan títí èsì yóò fi dé.

Wọ́n wẹ̀ pẹ̀lú omi lásán. Wọ́n gbé ọkọ̀ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ìdí kànga. Agbẹ́lẹ̀ ṣí ìgò ẹlẹ́rìí, ó gbé e sórí etí kànga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Ọlọ́gbà ń wò wọ́n láti ọ̀ọ́kán, èjí rẹ̀ sì hàn. Aláwọ̀ rí i. Owú ta á láyà díẹ̀, kò purọ́ fún ara rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn," ni Agbẹ́lẹ̀ wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára okùn, "ṣé o ṣì fẹ́ gbọ́ ọ?"

"Sọ ọ́."

"Fẹ́ mi."

"Jẹ́ kí èsì dé," ni Aláwọ̀ wí. "Mo ti kọ́ ọgbọ́n."

Agbẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín títí okùn fi fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èsì dé. Ìgò ẹlẹ́rìí mọ́ gaara. Kànga ní májèlé díẹ̀, kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ léni kúrò nílé. Kí wọ́n má mu ún, kí wọ́n ṣì máa ṣọ́ ọ. Bàbá Onígò ló fa ìṣó ìyeyè lé Aláwọ̀ lọ́wọ́. Ó gún un síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó sì bá Agbẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àpótí oníyìnyín láyà rẹ̀, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Màá fẹ́ ọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n owú mi kò tíì lọ tán o."

"Ta ló ní kó lọ? Máa jowú, ẹyinjú mi. Kí o ṣáà tó gún mi ní ìṣó pupa, dúró de ẹlẹ́rìí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Aláwọ̀ mú un lọ sílé bó ṣe rí, láìwẹ̀, láìpààrọ̀ aṣọ. Ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá, kò tíì rí ẹnì kan, ó gbé imú sókè.

"Kí ló ń rùn bí ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

"Ọkọ mi ni, màmá," ni Aláwọ̀ dáhùn. "Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀."

Wọ́n gbọ́ tí ìyá náà ń fa àga sílẹ̀ fún àlejò.