Ẹni Tó Ń Dáhùn Nínú Yàrá Mubashir

Mo sálámà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ẹni inú yàrá dá mi lóhùn. Kò burú. Ṣùgbọ́n Mubashir tó ni yàrá ló dúró lẹ́yìn mi yẹn, ó gbé kẹ́tù omi lọ́wọ́.

Ọmọ ọmọ mi ni, Kákà ló ń pe èmi ìyá àgbà rẹ̀. Àwa méjì péré là ń gbé ládùúgbò Hayin Banki. Awakọ̀ ni, láti gáréèjì Kawo ló ti ń kó èrò lọ sí Ìlọrin. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó máa fa áìsì kí oorun má baà kùn ún lójú ọ̀nà. Ohun funfun bíi álọ́ọ̀mù ni, wọ́n ń jó o, wọ́n ń fa èéfín rẹ̀. Oorun lọ lóòótọ́. Ẹran ara bá a lọ, eyín náà tẹ̀lé e. Ó ń họ apá títí ó fi di egbò, ó ní kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ.

Ó sọ kẹ́tù kalẹ̀. "Kákà, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Alhamdulillahi. Mo ti rò pé orí mi ló dàrú."

Mi ò sunkún. Ẹkún ti tán lójú mi.

Mo gba hàntú wá, omi tí wọ́n fi fọ Kùránì lójú wàláà, mo bù ú sínú igbá, mo gbé e sínú yàrá kí Mubashir wá mu ún. Kí Mubashir tó wọlé, igbá ti gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni ohùn yẹn ti wá mọ́ ketekete, bí ohùn Mubashir gan-an nígbà tára rẹ̀ ṣì le.

Mo pe Alfa Àbdùlsàlámì. Ó wo apá ọmọ náà, ó wo ojú rẹ̀.

"N ó ṣàdúà, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ ọsibítù."

"Alfa ló ń lé mi lọ bá dókítà?"

"Nígbà tí eyín ń dùn yín, ta ló yọ ọ́? Alfa ni?"

A ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí ohùn náà jáde láti ojú fèrèsé: "Kákà, ibo lẹ ń gbé e lọ?" Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Dókítà ní áìsì máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí kò sí. Ó ní tó bá sùn, tó ń jẹun, tó sì ń wá bá àwọn sọ̀rọ̀, á fi áìsì sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ á ṣì máa fà sí i.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ nǹkan, Ìyá?"

"Rárá o."

Wọ́n dá Mubashir dúró sí ọsibítù, ó sùn bí òkú. Nígbà tó jí, ebi ń pa á. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé tuwo lọ fún un, ó rọra bi mí pé, "Kákà, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Ṣé ó ṣì wà?"

"Jẹun."

Dókítà ní kó má padà sí yàrá tó ti ń fa áìsì, kó má dé gáréèjì. Ọ̀dọ̀ Hàwáwù, àbúrò ìyá rẹ̀, ló wà báyìí ní Afaka. Ó ti ń sanra. Hàwáwù ní kí èmi náà kó wá, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ojoojúmọ́ ni ẹni inú yàrá ń bi mí níbi tí Mubashir wà. Mo máa ń dá a lóhùn pé ó rìnrìn àjò, ó ń bọ̀. Bí èmi náà bá kó lọ, tó bá ilé ní òfìfo, á jáde lọ wá Mubashir.