Ẹni Tó Yẹ Jéle-ó-sinmi Tukur-Tukur Wò

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Mọ̀dínátù wà nígbà tí Àdìgún kọ́kọ́ fojú kàn án, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan ní àdúgbò Tukur-Tukur nílẹ̀ Háúsá, tó ń fìka kọ nọ́ńbà sórí iyanrìn. Ogójì ọmọ yí i ká. Bó bá ti kọ ọ̀kan, wọ́n á kà á ní Yorùbá, wọ́n á tún kà á ní Háúsá.

Ọdún 1962 ni. Akọ̀wé ni Àdìgún ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n rán an kó yẹ jéle-ó-sinmi ìjọba mẹ́ta wò, ti GRA, ti Bomo àti ti Tukur-Tukur, kó fi wọ́n wéra, kó sì kọ ohun tó bá rí.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ò ní pátákó ìkọ̀wé ni?"

"A ní in. Ikán ló jẹ ẹ́. Ṣé ẹ máa kọ ìyẹn náà sílẹ̀?"

"Màá kọ ọ́."

"Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ lè kọ ọ́ dáadáa."

Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Àdìgún lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, kò mú ìwé dání.

"Kí lẹ wá wá nígbà náà?"

"Ìwọ ni."

Mọ̀dínátù ní kó kọ́ àwọn ọmọ náà lórin, kó má bàa jókòó lásán. Kí ọyẹ́ tó lọ, Àdìgún ti dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Abdulganiyu télọ̀, ìyẹn sì ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ó wá ku ìwé tó máa kọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Àga wà ní GRA, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Bomo ní kànga. Ní Tukur-Tukur, igi àjà ti jẹrà, abẹ́ rẹ̀ sì làwọn ọmọ ń sùn lọ́sàn-án. Àdìgún kọ ọ́ bó ṣe rí i. Ó tún kọ ọ́ pé kò sí ọmọ tó mọ ìṣirò tó ti Tukur-Tukur nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n bá wọn tún ilé náà kọ́. Ọ̀rọ̀ àjà tó jẹrà nìkan làwọn ọ̀gá mú, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n ti ilé-ìwé náà pa.

"Ẹ jẹun nílé wa," Mọ̀dínátù sọ fún un, "ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi."

Bàbá rẹ̀ ní kó má wá mọ́. Àdìgún kò jiyàn. Ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ilé-ìwé náà.

Nínú oṣù kẹjọ, òjò ńlá kan wó àjà náà lulẹ̀. Mọ̀dínátù lọ wò ó. Ó dúró pẹ́ níwájú igi tó ṣubú sórí ibi tí wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí fáwọn ọmọ. Ibẹ̀ ló ti lọ sílé Àdìgún, ó ní kó mú ẹ̀dà ìwé tó kọ wá. Ó kà á délẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ní kí wọ́n tún un kọ́?"

"Wọn ò tíì gbà. Mi ò lè fi ohun tí wọn ò ṣe bẹ̀ ọ́."

Ó ká ìwé náà, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Akọ̀wé mi, kí lẹ ń fi yàrá iwájú yìí ṣe?"

"Kẹ̀kẹ́ mi ni mò ń gbé síbẹ̀."

"Ẹ wá ibòmíràn fún un. Bàbá mi á wà nílé lọ́jọ́ Sátidé."

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Ìjọba kò tíì dáhùn. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọmọ mọ́kànlá jókòó sínú yàrá iwájú, kẹ̀kẹ́ Àdìgún sì wà níta nínú oòrùn.