Ọjọ́ Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sọ̀kalẹ̀ Lórí Àga

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá ẹjọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ò gbèrò lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà. Oòrùn ò tíì yọ tán táwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ti já kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, táwọn alágbẹ̀dẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù wọn, táwọn tó ń ta àbẹ́là sì ti ń fi ìgúnpá là á já láàárín èrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pín sí méjì. Àwọn kan ń ké pé, "Ẹ lé e!" Àwọn yòókù ń ké pé, "Ta ló tó bẹ́ẹ̀?" Wọ́n ń já fìlà gbà lórí ara wọn, bọ́tìnì ń já dànù, ẹyin tó ti bàjẹ́ ń fò lókè. Ẹ gbà mí gbọ́, ìran ńlá ni!

Ẹ̀ṣẹ̀ wo wá ni ọkùnrin náà ṣẹ̀? Kò jalè. Kò gba rìbá. Kò fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di oníṣègùn nípa ohun tó wà nínú èèyàn nìyí. Wọ́n á tẹ́ òkú sórí tábìlì gígùn láàárín yàrá. Ọ̀jọ̀gbọ́n á gun orí àga kan tó ga débi pé àkàsọ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún, á jókòó síbẹ̀ nínú ẹ̀wù oyè dúdú tó balẹ̀ dé kókósẹ̀, á máa ka Ìwé Àgbà, èyí tí àwọn oníṣègùn àtijọ́ kọ, sókè. Onígbàjámọ̀, àní ẹni tó ń fárí tó sì ń gé irùngbọ̀n nígboro, òun ni yóò mú ọ̀bẹ. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá kà ni yóò gé, yóò sì gbé e sókè kí gbogbo ọmọ rí i. Ọ̀mọ̀wé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkú. Ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ ta sí ẹ̀wù oyè. Wọ́n ní orí ni ọ̀mọ̀wé fi ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ wà fún àwọn tí kò kàwé.

Ohùn ló gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n tiwa yìí dórí àga. Bó bá ń kàwé, ẹni tó ń kọjá lójú títì á dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Gbohùngbohùn, nítorí ohun tí Ìwé Àgbà bá wí ló ń wí, kì í yọ kúrò níbẹ̀, kì í fi kún un. Onígbàjámọ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ kì í ṣe àjèjì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni. Gìrìpá ọkùnrin ni, onírungbọ̀n yẹ́úkẹ́, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún ọ̀bẹ náà. Ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilé ni látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, àkàndùn mú Onígbàjámọ̀ ní àtàǹpàkò, ìka náà wú. Ó ń gé díẹ̀, ó ń mí kanlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tiẹ̀ wo ìsàlẹ̀, ó ń ka tirẹ̀ lọ: "Ẹ̀dọ̀ èèyàn pín sí márùn-ún." Onígbàjámọ̀ sáré gbé ẹ̀dọ̀ sókè. Ni akẹ́kọ̀ọ́ kan níwájú bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọ̀gá, márùn-ún ọ̀hún dà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n bojú wolẹ̀. Ó wo ìwé, ó wo ẹ̀dọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ka gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n láti òkè ọ̀hún, ta ló ń rí nǹkan tó yanjú? Ó pa ìwé dé. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fẹsẹ̀ wá àkàsọ̀, ó ń bọ̀ nílẹ̀! Gbogbo yàrá ké "Háà!" Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àna rẹ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú òkú, apá ẹ̀wù rẹ̀ sì rin gbingbin. Ó yí ẹ̀dọ̀ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ń dùn bíi tọmọdé.

Ó kígbe pé, "Kò pín sí márùn-ún! Ẹ sún mọ́bí, ẹ wá fọwọ́ kàn án! Irọ́ lèmi àti ìwé yìí ti ń pa fún yín!"

Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, gbogbo ìlú ti gbọ́. Àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní ó tàbùkù oyè, ó sì ba Ìwé Àgbà lórúkọ jẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀ ní ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn.

Àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń bá a de ọrùn ẹ̀wù, bẹ́ẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́.

"Ọkọ mi, ẹ sáà sọ pé òkú yẹn ló ti ní àìsàn kó tó kú. Gbólóhùn kan péré! Ilé tí a wà yìí, ilé-ẹ̀kọ́ ló ni ín. Bí wọ́n bá lé yín, ibo la fẹ́ gbé ìyá yín tí kò lè dìde gbà?"

"Ìyàwó mi, mo fọwọ́ ara mi kàn án."

"Ọwọ́ ọ̀hún náà la fẹ́ máa jẹ? Àti pé kí lẹ tiẹ̀ ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi sí? Látọjọ́ yẹn, mo kí i kí i, kò dáhùn."

Ẹ̀rù ń ba Ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an, kò sì fi pa mọ́ fún un.

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn àgbà ti jókòó nínú ẹ̀wù pupa, iná àbẹ́là ń ràn lójú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹrí ba. Ó ní, "Ẹ̀yin ọlọ́lá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

Olórí Ilé-Ẹ̀kọ́, bàbá arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ní, "Ọmọ mi, a ò fẹ́ pàdánù ohùn rẹ. Gbà pé òkú yẹn ló lábùkù, kí o padà sórí àga rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká gbọ́ ẹ̀rí ná."

Wọ́n pe Onígbàjámọ̀. Ó wọlé nínú aṣọ tó dára jù lọ tó ní, ó ń mú irùngbọ̀n rẹ̀ tọ́, kò wo àna rẹ̀ lójú.

"Onígbàjámọ̀, látìgbà tí o ti ń bá wa gé òkú, mélòó ni ẹ̀dọ̀ máa ń pín sí?"

"Márùn-ún ni, olúwa mi. Kò yẹ̀ rí!"

Àwọn ọ̀tá Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n alára ṣe bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lẹ́yìn. Kò yẹ̀ rí? Àbí òkú yẹn ló lábùkù lóòótọ́? Ó rántí ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó ti la ẹnu, ẹ̀bẹ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

Àmọ́ àtẹ́wọ́ ti gun Onígbàjámọ̀ lórí. Ó ní, "Ọjọ́ yẹn náà ì bá pé márùn-ún, ẹ̀yin ọ̀gá. Àkàndùn ni kò jẹ́ kí ọwọ́ mi yá!"

"Kí ni àkàndùn ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀dọ̀?"

"Ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí bẹ́ẹ̀ bí? Kí n tó gbé e sókè, mo gbọ́dọ̀ ti là á sí márùn-ún lábẹ́ ọwọ́ ná, kó má bàa dójú ti Ìwé! Bàbá mi ló kọ́ mi. Bàbá tiẹ̀ ló kọ́ òun náà. Ìdílé wa ò dójú ti Ìwé rí!"

Ó na àyà, ó ń dúró de àtẹ́wọ́ mìíràn. Yéè, ariwo sọ ní gbogbo gbọ̀ngàn! Bẹ́ǹṣì ń ṣubú, fìlà ń fò, àwọn tó ń pariwo "Ẹ lé e" tẹ́lẹ̀ ti ń di mọ́ àwọn ọ̀tá wọn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin náà á sọ pé ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Ẹ ò mọ àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́! Olórí lu tábìlì títí ariwo fi rọlẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ kọ́ la pè ọ́ sí. Ṣé o sọ̀kalẹ̀ lórí àga, àbí o ò sọ̀kalẹ̀?"

Àyè ẹ̀bẹ̀ ṣì wà. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

"Mo sọ̀kalẹ̀, ọlọ́lá. Bí ẹ bá dá mi padà síbẹ̀ lónìí, màá tún sọ̀kalẹ̀ lọ́la."

Wọ́n bọ́ ẹ̀wù oyè lọ́rùn rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ tẹ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́ títí ayé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé e sórí èjìká jáde, ṣùgbọ́n ariwo kì í ṣe ilé. Yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ ni òun àti ará ilé rẹ̀ kó lọ, nítorí ìyàwó rẹ̀ dojú kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gbangba pé, "Ẹnu yín ló tú u síta, ilé yín la ó sùn!" Onígbàjámọ̀ ò jiyàn. Ó kàn ń bi gbogbo èèyàn pé kí ni òun sọ tó burú.

Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n kú sí yàrá òkè yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ń wẹ egbò àwọn aláìsàn níbẹ̀, ó ń tẹ oówo, ó ń di apá tó kán. Kò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan mọ́ láyé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń rìn láti ìlú dé ìlú. Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ̀kalẹ̀ lórí àga tirẹ̀ níbì kan, ẹlòmíràn sọ̀kalẹ̀ níbòmíràn. Àwọn tó lé e kú tán, kò sì sẹ́ni tó rántí pa ìdájọ́ rẹ̀ rẹ́.

Nígbà tó ti di arúgbó, ó gbọ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun ti dé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó mú ọ̀pá, ó lọ. Adènà, tí wọn ò tíì bí lọ́dún ẹjọ́ náà, ṣe jẹ́jẹ́ fún un.

"Bàbá, ẹ má bínú. Òfin ò gbà yín láyè."

Ó yí gba ẹ̀yìn ọgbà, ó fi imú lé gíláàsì fèrèsé yàrá tí wọ́n ti ń gé òkú, èyí tó kọjú sí títì, ó sì wò títí adènà fi wá mú un lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín délé.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Wọ́n tún lé yín?"

"Wọ́n lé mi."

"Kí ló wá ń pa yín lẹ́rìn-ín? Kí lẹ rí?"

Ó jókòó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Wọ́n yí tábìlì ká, gbogbo wọn. Mo wò wọ́n títí, mi ò mọ èwo ni olùkọ́."