Aago Mẹ́rin Ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Ẹ̀gbẹ́ ni ọkùnrin náà fi gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Pákó pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ bí ojú tábìlì ló gbé sọ́wọ́ méjèèjì, ó fi aṣọ ìnura funfun bò ó, ó sì ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin gba orí afárá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi díẹ̀," ló ń sọ fún àwọn tó jókòó de àyẹ̀wò ojú. "Ẹni tó bá fẹ́ sín, kó kọjú sí ògiri."

Gbogbo wọn fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá àgbàlagbà kan tilẹ̀ dìde, kò dá a lójú pé kì í ṣe òkú nǹkan ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn.

Oníjígí gbé ojú sókè kúrò lára férémù tó ń dè. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń wọn ojú àwọn ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tó ń ha jígí, tó ń tò ó sínú férémù, kò tíì sí oníbàárà tó gbé ẹrù wá bá a rí.

"Ẹ káàsán o, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń bi èèyàn pé kí ló fẹ́ máa fi jígí wò?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Òun ni mo gbé wá yìí."

Ó gbé pákó náà lé orí tábìlì, ó ká aṣọ kúrò. Àwòrán odò kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti òrùlé pupa, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbàgàdà. Páálí kéékèèké ni wọ́n fi to gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ki ẹnu bọ ara èkejì bí ìka ọwọ́ tó wọnú ìka.

"Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n gé e sí," ni ọkùnrin náà ṣàlàyé. "Èèyàn á wá jókòó, á máa tò ó padà."

"Ta ló gé e?"

"Àwọn tó tà á fún mi."

"Wọ́n gé e, wọ́n tà á fún yín, ẹ wá ń tò ó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló fà á?"

Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó rò ó wò ná. "Kireeni ni mò ń wà ní èbúté. Láti àárọ̀, inú àpótí onígíláàsì kan lókè lọ́hùn-ún ni mo máa ń wà, tí mò ń gbé kọ̀nténà tó wúwo ju ilé lọ. Tí ọwọ́ mi bá ṣì, èèyàn lè kú. Tí mo bá délé, ó máa ń wù mí kí n gbé nǹkan tí kò wúwo. Èyí, tí mo bá gbé e síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣe léṣe. Màá kàn mú un kúrò, màá tún wá ibòmíràn fún un ni. Tó bá fi máa di wákàtí kan, èjìká mi á ti rọ̀."

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu Oníjígí wábi gbà. Kò ní kireeni, ṣùgbọ́n ó mọ èjìká tó le. Òun ni àkọ́bí bàbá rẹ̀. Ìyá wọn ti kú. Láti ìgbà tó ti lé lọ́mọ ogún ọdún ló ti ń se oúnjẹ ilé, tó ń fọṣọ, tó sì tún ń ṣiṣẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í pé kí ló ń ṣe tó fi ń sinmi, yóò dáhùn pé òun ń sùn.

Ó mú téèpù, ó wọn àlàfo tó wà láàárín ojú ọkùnrin náà àti pákó. Ojú wọn sún mọ́ra. Ó ń gbóòórùn ọṣẹ lára rẹ̀, àti epo ẹ̀rọ díẹ̀ tí ọṣẹ kò rí mú.

"Ẹ wo iwájú," ló wí. "Ẹ má wò mí."

"Iwájú náà lẹ wà, mà."

Bí ọkùnrin náà ṣe ń ka lẹ́tà ara ògiri, ojú Oníjígí kò kúrò lórí àwòrán. Ó rí páálí aláwọ̀ búlúù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú un, ó fi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ balẹ̀ lọ́nà tí kò lè ṣàlàyé.

Ọkùnrin náà ti dákẹ́ ìwé kíkà. "Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń wá ibùgbé ìyẹn," ló wí jẹ́jẹ́.

*

Ọkùnrin náà wá gba jígí rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó padà wá, ó ní férémù ń yọ̀. Ó tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

"Férémù yìí kò ṣe nǹkan kan," ni Oníjígí sọ fún un.

"Ó máa ń dáa tó bá ti débí. Tí mo bá ti kúrò ní òpópónà yìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀."

Àbúrò Oníjígí, tó ń ṣe irun nínú ṣọ́ọ̀bù kejì, ló sọ ọkùnrin náà ní Ọ̀gá Òkè. "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀gá Òkè yín ti ń bọ̀ o," ni yóò wí láti ojú fèrèsé. "Ó ti fá irùngbọ̀n."

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Òkè kò wá àwáwí mọ́. Ní Sátidé, aago méjì ni Oníjígí máa ń tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Bó bá di aago mẹ́rin, àwọn méjèèjì á jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ fún ojú àbúrò, wọ́n á máa to àwòrán. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá Òkè a máa ṣa àwọn páálí jọ ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, Oníjígí a máa fi ojú wá a, torí ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á nawọ́ sí ẹyọ kan náà lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ wọn á kan ara, kò sì ní sí ẹni tó máa tètè gbé tirẹ̀ kúrò.

Ọ̀gá Òkè ti ń pè é ní "ìyàwó mi" ní ìkọ̀kọ̀ kó tó béèrè bóyá òun lè rí bàbá rẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ohùn rẹ̀ ṣì ń dẹ́rù ba àwọn tó kọ́ tí orí wọn ti hu ewú. Ó bi àlejò nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó mi orí pé ó dáa. Ó bi í nípa àwọn òbí rẹ̀, ó tún mi orí. Ó wá bi í pé, "Lẹ́yìn iṣẹ́ ńkọ́? Kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń to àwòrán, sà." Ó ṣàlàyé.

Bàbá gbọ́ ọ tán. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mọ́kànlélógójì, sà."

"Bí èèyàn bá fi ogójì ọdún to páálí, ọdún wo ló máa to ilé?" Ó dìde, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga. "Ọkọ ni mò ń wá fún ọmọ mi, mi ò wá ọmọ kún ọmọ. Lọ ná. Tó o bá dàgbà, kó o padà wá."

Ọ̀gá Òkè dúpẹ́, ó sì lọ. Oníjígí sin ín dé ẹnu ọ̀nà, kò lè wo ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù tí àwọn agbaniṣíṣẹ́ fi gbé Ọ̀gá Òkè lọ sí èbúté mìíràn, ìrìn wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ní kó lò. Kó tó lọ, ó ra àwòrán kan náà ní méjì, ọgbà òdòdó tó ní ògiri òkúta. Ó fún Oníjígí ní ọ̀kan.

"Aago mẹ́rin Sátidé," ló wí. "Màá pè ọ́. Wàá wà nídìí tìrẹ, èmi náà á wà nídìí tèmi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe. Ilé ni Oníjígí ti ń tò ó báyìí, lórí tábìlì ìjẹun. Yóò gbé fóònù sórí tábìlì, yóò ṣí ohùn rẹ̀ sókè.

"Níbo lo dé?"

"Mo wà lẹ́bàá ògiri. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ti sọnù sínú ewé. Gbogbo ewé yìí jọra. Ìwọ ì bá wà níbí, kó o fi ojú rẹ bá mi wá a."

Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa tò ó lọ. Oníjígí á máa gbọ́ bí páálí ṣe ń ró lọ́dọ̀ rẹ̀, á máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ òkun lókèèrè, á sì gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ti fi etí mọ àga rẹ̀ tó máa ń dún, àti ife tíì rẹ̀ lórí àwo kékeré. Bó bá pa fóònù tán, ilé á dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ Àìkú ni yóò ti máa ka ọjọ́.

Bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó dà á pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, títí tó fi ṣàn dé itan rẹ̀. Oníjígí dúró lójú kan, ó ń wò ó. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kó wo iwájú, ó na ìka sí i lápá ọ̀tún, ó nà án sí i lápá òsì. Bàbá kò rí i. Dókítà ojú tó tún lọ bá kò fọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un: àìsàn tó ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ ni. Èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà kò ní pẹ́.

"Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tí mo ti mọ̀," ni bàbá sọ nígbà tí wọ́n ń darí sílé. Ó di apá ọmọ rẹ̀ mú ṣinṣin.

Ní aago mẹ́rin Sátidé, Oníjígí kò ṣí àpótí páálí. Ó sọ ohun tí dókítà wí fún Ọ̀gá Òkè, ó sì fi kún un pé, "Ẹ má pè mí mọ́. Mi ò lè fi í sílẹ̀ sínú òkùnkùn, mi ò sì fẹ́ kí ẹ máa dúró dè mí títí ewú á fi bo orí yín."

Ọ̀gá Òkè bi í pé, "Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

"Ohun tó yẹ ni."

"Mi ò béèrè ohun tó yẹ."

Oníjígí pa fóònù kó má baà gbọ́ ẹkún òun.

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Aago mẹ́rin kò yé lù. Oníjígí á jókòó sídìí tábìlì, á mú ewé kan, á yí i lọ yí i bọ̀, á gbé e sílẹ̀. Fóònù kò dún, òun ló sì ní kó má dún. Ní ibi iṣẹ́, bí ọkùnrin gíga kan bá ṣí ilẹ̀kùn, á gbójú sókè kíákíá. Àbúrò rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó pe Ọ̀gá Òkè, ó kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń fi ọwọ́ ara yín gbá ara yín létí," ni àbúrò wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní Sátidé kẹfà, ó ti inú ilé ìdáná bọ́ síta, ó bá bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì. Ọwọ́ bàbá ń rìn lórí páálí. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò wá etí wọn kiri, ó sì ń kó àwọn kan sọ́tọ̀.

"Àwọn tí etí wọn gún gbọọrọ rèé," ló wí láìgbójú sókè. "Ọwọ́ mi ṣì ń ríran. Kí ló dé tí ọ̀rẹ́ rẹ ò pè mọ́?"

"Mo ní kó má pè, bàbá."

"Nítorí mi."

Bàbá gbé páálí tó mú dání sílẹ̀.

"Ọjọ́ tó wá síbí, mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní tó bá mú ọ lọ, ta ni yóò máa sọ fún mi pé ilẹ̀ ti mọ́? Mo wá fi páálí kẹ́wọ́. Mo ti na àwọn ọmọ ilé ìwé nítorí irọ́ tí kò tó ìyẹn."

Oníjígí jókòó tì í, ó gbórí lé èjìká rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Oníjígí jáde, bàbá pe àbúrò Oníjígí, ó ní kó bá òun tẹ nọ́ńbà Ọ̀gá Òkè.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Oníjígí ṣí i, ó bá Ọ̀gá Òkè níbẹ̀, eruku ìrìn àjò lára jígí rẹ̀. Ó ti rù díẹ̀. Oníjígí fara ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá ló pè mí," ni Ọ̀gá Òkè wí.

"Jẹ́ kó wọlé," ni bàbá pariwo látinú ilé. "Ṣé ó ti dàgbà?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni, sà."

Bàbá ní kó sún mọ́ òun. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ìka wá àwọn ibi tó le ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì tètè fi í sílẹ̀. "Mo ṣẹ̀ ọ́," ló wí. "Jókòó."

Ọ̀gá Òkè jókòó, ṣùgbọ́n Oníjígí ló kọjú sí. "Láti Sátidé tó o pa fóònù mọ́ mi létí ni mo ti ń wá ilé ní ìlú tí mo wà lọ́hùn-ún. Èyí tí mo rí kò ní àtẹ̀gùn rárá, yàrá mẹ́ta ni. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá tí mo fi sílẹ̀ fún bàbá, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni dé balùwẹ̀. Mo dijú rìn ín, mo rìn ín tó ìgbà ogún. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti forí gbá, mo sì ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀ kúrò."

"Iṣẹ́ mi ńkọ́?" ni Oníjígí béèrè.

"Ilé ìwòsàn ojú kan wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àwọn ń wá ẹni tó ń ṣe jígí. Mi ò bá wọn sọ nǹkan kan o. Ẹnu rẹ ló mọ iṣẹ́ rẹ." Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó dì í mú lórí orúnkún. "Mi ò ní kó o fi bàbá sílẹ̀. Mo ní kí ẹ̀yin méjèèjì máa bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jókòó síwájú ewé yẹn láago mẹ́rin, mi ò rí ẹyọ kan tò. Fẹ́ mi, jọ̀ọ́."

Omi ti bo ojú Oníjígí. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tún mi orí, Ọ̀gá Òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ sunkún.

Bàbá na ọrùn síwájú lórí àga rẹ̀. "Ilé yìí ti dákẹ́ jù. Ṣé ó ti dá ọ lóhùn?"

"Ó ti mi orí, sà."

"Mi ò rí mímì orí. Jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu."

Oníjígí nu ojú rẹ̀. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó di ti Ọ̀gá Òkè mú, ó sì sọ ọ́ ketekete kí àwọn méjèèjì lè gbọ́.

"Mo gbà."