Ìlà Méjì Tí Ìgbálẹ̀ Pa Pọ̀

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ẹ̀gbọ́n Ìgbálẹ̀ ọkùnrin kú. Òun nìkan ni ẹ̀gbọ́n tó ní.

Kò pẹ́ sí i ni àrá sán, tó jó ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí olóògbé ṣe mọ́ ara ògiri. Ẹ̀rọ náà ló máa ń pa pọ́ńpù omi bí táǹkì orí òrùlé bá ti kún. Láti ìgbà náà, bàbá wọn, télọ̀ tí orúnkún ń dùn, ló ń gun àkàbà lọ wo táǹkì. Ìgbálẹ̀ pinnu pé òun yóò tún ẹ̀rọ náà ṣe kí bàbá òun má baà já bọ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìgbálẹ̀, nítorí kò lè rí ohun tó rí wúruwùru kó má tò ó. Ìwà yìí náà ló gbé dé ìdí kọ̀ǹpútà olóògbé. Ó ṣí fáìlì tó ń darí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pèsè ètò fún ẹ̀rọ náà láti kọ orúkọ ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n rà sí i, ó sì rí ìlà àṣẹ méjì tó jọra bí ìbejì. Ọ̀kan wà fún kọ̀ǹpáílà, ògbufọ̀ tó ń sọ èdè tí ènìyàn fi kọ ètò di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Èkejì wà fún asẹ́mbúlà, ògbufọ̀ kejì, tí kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí tó sún mọ́ èdè ẹ̀rọ lọ.

"Àsọtúnsọ kí ni èyí?" ló wí. Ó pa méjèèjì pọ̀ sójú kan.

Wàhálà dé.

"'N kò mọ àṣẹ yìí! N kò mọ àṣẹ yìí!' Orin tó ń kọ láti àárọ̀ nìyẹn," ó sọ fún Kíá-kíá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ó sì fọwọ́ gbá tábìlì.

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

"Asẹ́mbúlà."

"Olóríkunkun ni. Fáìlì mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ẹyọ kan. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara wọn kọ."

"Yọ ọ́ jàre! Àbí o fẹ́ hu ewú síbí ni?"

Ìgbálẹ̀ mọ̀ pé kò yẹ kí òun yọ ohun tí òun kò tíì kà. Ṣùgbọ́n ó ti sú u. Ó yọ ọ́, ó sì pa ìlà tó ń pè é rẹ́. Ariwo dákẹ́, ẹ̀rọ tan iná, pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Kíá-kíá bú sí ijó.

Ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ ni bàbá ti figbe ta láti yàrá ìránṣọ. Táǹkì ti kún àkúnya, omi sì ń gba inú àjà dà sórí aṣọ àwọn oníbàárà. Fáìlì tí wọ́n yọ gan-an ló ń pa pọ́ńpù.

Bàbá sáré pa iná pọ́ńpù. "Kí lo ṣe?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ó ń yọ mí lẹ́nu, mo bá yọ ọ́ dànù."

"Orí bíbẹ́ wá di oògùn orí fífọ́ lọ́wọ́ rẹ? Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe kẹ́yìn…" Ó kọjú sí ṣòkòtò oníṣòkòtò, ó ń fún omi inú rẹ̀.

Kíá-kíá ti rántí pé ìyá òun ń pe òun.

Nígbà tí Ìgbálẹ̀ fọ gbogbo aṣọ náà, tó sì lọ̀ wọ́n tán, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kàwé nípa àwọn àṣẹ náà. "Má fojú fo àṣìṣe kankan" ni àṣẹ tó ń dá ìjà sílẹ̀. Kọ̀ǹpáílà nìkan ló ni ín. Asẹ́mbúlà kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe olóríkunkun. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí ẹlòmíràn ni Ìgbálẹ̀ ń jẹ́ fún un.

Ó dá fáìlì náà padà, ó sì ya ìlà méjèèjì sọ́tọ̀. Asẹ́mbúlà tún kọ̀, nítorí Ìgbálẹ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ kan. Ó pòṣé, ó tún un ṣe. Táǹkì kún, pọ́ńpù dákẹ́. Bàbá tẹ́tí sí ògiri títí, lẹ́yìn náà ló gbé àkàbà lọ sẹ́yìn ilé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun méjì tó jọra kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí iṣẹ́ bá sú, kó sinmi. Kó má gé ohun tí kò mọ ìwúlò rẹ̀ dànù.

Ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí: awò ojú kan tó ṣẹ́ lápá, irin tó fi ń jó òjé mọ́ wáyà, orúkọ ìnagijẹ kan, ìlà méjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ kan dojú dé, tí Ìgbálẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tò.